Imú Àwíìgbọ́

Dúdú ni imú ajá mi nígbà tí mo mú un wálé láti Ìyàrà,
dúdú bí ìdí ìkòkò tó ti pẹ́ lórí àdògán,
ó tutù, ó ń dán
bíi kóró iṣin tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Mo sọ ọ́ ní Àwíìgbọ́, orúkọ sì ro ó:
ọjọ́ tí mo ní kó má bọ́ sódò ló bọ́ sódò.

Ọyẹ́ dé sí Ògìdì lọ́dún yìí bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Ó la ẹsẹ̀ wa, ó la ètè wa,
ó fi eruku bo àpáta títí òkè ò fi yàtọ̀ sí ojú ọ̀run.
Kajú ń yọ òdòdó.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo wo ojú ajá,
àárín imú rẹ̀ ti ń ṣá
bí aṣọ tí a gbàgbé sórí okùn.
Ó kọ́kọ́ dà bíi kofí tí a bu omi lù,
nígbà tó yá, ó pọ́n bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun.

Àwọn ará àdúgbò kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù.
Medúpìn ní ọbẹ̀ gbígbóná ló lọ tọ́ wò níbi tí wọn kò pè é sí.
Ìyá Ibídùn ní rárá o, oje èèpo kajú ni,
ṣebí ẹnu ọmọ tòun náà bó lọ́dún tó kọjá
nígbà tó fi eyín fọ́ kóró tí a kò yan.
Bàbá kan tó ń lọ sóko, tí n ò mọ orúkọ rẹ̀, dúró,
ó wo ajá, ó wò mí,
ó ní ajá tó bá gbóòórùn ohun tí kò yẹ kó gbọ́, imú rẹ̀ a ṣá.
Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ ohun tí nǹkan ọ̀hún jẹ́.
N ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Mo gbé e sórí ọ̀kadà, ó di Kàbà.
Dókítà Dáísí ní “Okun o,” ó kí èmi àti ajá pọ̀.
Ó fi àtàǹpàkò tẹ imú náà, ó ká ètè sókè, ó wo eyín.
Ṣé abọ́ rọ́bà ló fi ń jẹun? Mo ní abọ́ irin ni.
Ṣé imú ọ̀hún wú? Ṣé ó ṣẹ̀jẹ̀? Mo ní ó tì.
Ṣé ó ń jẹun? Mo ní ó jẹ bàtà mi lánàá.
Ó rẹ́rìn-ín.
“Òtútù ni. Aró kan wà lábẹ́ awọ tó ń pa imú láró.
Bí òtútù bá mú, àwọn tó ń po aró náà a máa tòògbé.
Bí ooru bá padà, wọ́n lè jí.
Ti ajá mìíràn kì í padà mọ́. Ọjọ́ orí nìyẹn.”
Kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n fi ra bàtà.

Aró. Ọ̀rọ̀ náà bá mi délé.
Ìyá mi ló ń pa aró ní àgbàlá wa nígbà kan,
ìkòkò méje, eérú, ewé èlú tó rà, tí òórùn rẹ̀ ń dé títì.
Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́,
bó bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, a ó rò pé alẹ́ ló gbé e wá.
Ìkòkò márùn-ún ti fọ́. Adìyẹ ń yé sínú ọ̀kan.
Ìkeje, n ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.
Ọwọ́ ìyá mi ti padà di ọwọ́ ẹnikẹ́ni,
àfi ẹ̀gbẹ́ èékánná, níbi tí díẹ̀ kù sí
tí ọṣẹ ò rí mú.

Nírọ̀lẹ́ ó na ọwọ́ ọ̀hún sí Àwíìgbọ́.
Ajá gbóòórùn ìka kan, ó bọ́ sórí ìkejì, kò kánjú,
bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí wọ́n ti kọ kí wọ́n tó bí i.
Imú pípọ́n náà tutù sí ìyá mi lọ́wọ́.
Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣá.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì,
ó fọ àpáta, ó dá òkè padà fún wa.
Láràárọ̀ mo ń yẹ imú ajá wò bí ẹni ń yẹ ebè wò.
Dúdú kan ti yọ létí ihò ọ̀tún, kò tó orí abẹ́rẹ́.
Ti òsì, n ò tíì rí nǹkan kan.
Ìyá mi ní kí n yé di ajá nímú mú,
ó ní nínú àwa méjèèjì,
èmi gan-an ló yẹ kí wọ́n sọ ní Àwíìgbọ́.